Fèrèsé Méjì Tó Kọjú Síra

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ àdúgbò wa kò le. Àgbàlagbà tó bá ń dá gbé yóò ṣí aṣọ fèrèsé rẹ̀ tó bá jí. Ọ̀kan nínú wa yóò gba ibẹ̀ kọjá. Bí aṣọ bá ṣì bo fèrèsé, a ó kan ilẹ̀kùn.

Bàbá Káfíńtà ní àwọn ò ṣe. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ṣubú ní balùwẹ̀ rí, wọ́n sì wà nílẹ̀ títí oòrùn fi mú. Ọmọ wọn obìnrin ti wá fi ọwọ́ sọ̀yà: bí kò bá sẹ́ni tí yóò máa yẹ̀ wọ́n wò, ó di Sátidé, òun yóò kó wọn lọ sílùú òun. Màmá Nọ́ọ̀sì, olórí ẹgbẹ́ wa, bẹ̀ wọ́n títí. Pàbó. Ni Màmá bá rán mi sí Bàbá.

"Ṣé kí n máa jábọ̀ oorun mi fún yín bí ọmọ ọwọ́ ni?" Bàbá ń fá ẹsẹ̀ àga kan, wọn ò wojú mi. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kan òrùlé ilé yìí. Mi ò lọ síbì kankan."

Ojú ń tì mí, mo kàn jókòó. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ máa ń gbọ́ nǹkan. Nígbà tó yá, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn: "Ìyá Télọ̀ òdìkejì yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, síbẹ̀ ó máa ń gun àga kiri."

"Ẹ bá wa ṣọ́ wọn, sà," ni mo wí. "Tẹ́ ẹ bá ti jí, ẹ ṣí aṣọ fèrèsé yín, kẹ́ ẹ wo tiwọn. Tẹ́ ò bá rí wọn, ẹ pè mí."

Wọ́n gbójú sókè. "Iṣẹ́ ẹgbẹ́ nìyẹn?"

"Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni."

"Ó dáa. Má sọ fún un o. Ìgbéraga rẹ̀ pọ̀."

Mo sọdá títì. Ìyá Télọ̀ ń fi eyín já òwú. Mo bẹ àwọn náà kí wọ́n bá wa ṣọ́ Bàbá Káfíńtà.

"Alágídí yẹn? Màá ṣọ́ ọ dáadáa. Má jẹ́ kó gbọ́ o, á ní ìfẹ́ òun ló ń pa mí."

Àárọ̀ Sátidé, kí Bàbá tó ṣí aṣọ fèrèsé, ọmọ wọn dé tòun ti báàgì ńlá tí yóò fi kó ẹrù wọn. Mo ń kọjá lọ, Bàbá sì ké sí mi wọlé. Àríyànjiyàn ti gbóná.

"Mo wà lẹ́nu iṣẹ́," Bàbá ń sọ fún ọmọ wọn. "Èmi ni mò ń ṣọ́ Ìyá Télọ̀. Bi ọmọ yìí."

"Ta ló wá ń ṣọ́ ẹ̀yin, Bàbá?"

Mo wo Bàbá, mo ní, "Ẹ ṣí aṣọ fèrèsé, sà."

Wọ́n ṣí i. Kíá, ariwo ta láti òdìkejì.

"Káfíńtà! Irú oorun wo lò ń sùn? Mo ti ń wá bàtà mi kí n wá fọ́ ilẹ̀kùn rẹ!"

Bàbá yíjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí." Lẹ́yìn náà wọ́n yọrí síta: "Kí ló kàn ọ́? Sọ̀kalẹ̀ lórí àga yẹn!"

Ọmọ wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé báàgì òfìfo náà padà sínú ọkọ̀.