Àwòrán Bíṣọ́ọ̀bù Akíntóyè

Ọ̀bẹ tí bíṣọ́ọ̀bù fi tú àwòrán náà kúrò nínú bébà ló tì bọ ọrùn ẹni inú àwòrán ọ̀hún, ó sì fà á ya dé àyà. Ó yọ ọ́, ó tún gún un.

"Ṣé ojú mi rè é? Ṣé ojú ìránṣẹ́ Ọlọ́run rè é?"

Ṣìkẹ́mi, ọmọ ìjọ tó ya àwòrán ọ̀hún, fẹ̀yìn ti ògiri ọ́fíìsì ìjọ wọn ní Stone Mountain, ní Amẹ́ríkà. Bíṣọ́ọ̀bù Akíntóyè fúnra rẹ̀ ló ní kó ya òun bí àwọn ará Ítálì àtijọ́ ṣe ń ya póòpù àti kádínà: aṣọ pupa, àga gíga, òrùka ńlá. Ohun tí kò mọ̀ ni pé àwọn tó mọṣẹ́ jù nínú wọn kì í pọ́n ẹni ńlá lé lásán. Wọ́n á ya sìlíìkì tó ń dán, wọ́n á sì ya ìkà tó wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Ṣìkẹ́mi ṣe. Ó ya ojú tó ń fura, ó ya ọwọ́ tó di apá àga mú bí àwòdì ṣe ń di òròmọdìẹ mú.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo rí ni mo yà."

"Kí lo rí? Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ ilé mi?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó sọ ọ̀bẹ sílẹ̀, ó yíjú sí Comfort, ìyàwó rẹ̀, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fọ́ ọ létí. Ẹ̀ṣẹ́ ló tẹ̀lé e. Comfort ṣubú lu tábìlì, ẹ̀jẹ̀ bo ẹnu rẹ̀. Ó ṣubú bí ẹni tí ìṣubú ti mọ́ lára.

Bí ọkùnrin náà ṣe gbẹ́sẹ̀ sókè láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni Ṣìkẹ́mi gbé àwòrán náà tòun ti férémù rẹ̀, ó sì là á mọ́ ọn lórí. Igi fọ́. Bíṣọ́ọ̀bù dojú bolẹ̀, ó ń kérora.

"Mummy, ẹ dìde! Mo ti ń pe 911."

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá mú bíṣọ́ọ̀bù lọ tán, Comfort jókòó sínú mọ́tò Ṣìkẹ́mi, ó gbé yìnyín lé ètè.

"Gbé mi lọ sí Suwanee, lọ́dọ̀ Láńrewájú àbúrò mi." Nígbà tó yá, ó ní, "O ya ọwọ́ yẹn dáadáa. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn."

Ṣìkẹ́mi yíjú sí i. Ní gbogbo ìgbà tí bíṣọ́ọ̀bù fi ń jókòó fún un, obìnrin yìí ló ń gbé omi wá, tó ń tún etí aṣọ pupa ṣe, nínú ooru July, tòun ti aṣọ alápá gígùn tó fi bo àpá ara rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Ó ti wo ojú ọkùnrin náà títí ó fi mọ gbogbo ìlà ibẹ̀. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ti ìyàwó rẹ̀.