Tannápoṣó àti Igún Abúlé Òkúta

Nígbà tí Kùdírátù wà lọ́mọdé, tí bàbá rẹ̀ ń pa màlúù ní Abúlé Òkúta, igún kún orí páànù ilé ìpẹran débi pé àwọn ọmọdé ń sọ wọ́n lókò. Lónìí, takọtabo kan péré ló kù, orí igi àràbà kan ni wọ́n sì ń sùn. Kùdírátù nìkan ló mọ ibẹ̀. Àràárọ̀ ló ń gbé ìfun ẹran lọ fún wọn.

Ọjọ́ tó rí i pé wọ́n ti yé, ayọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè dá mọ́ra lọ. Ó mú Múrítàlá ọkọ rẹ̀, tó ní ilé ìtẹ̀wé ní àdúgbò Bajulaiye, lọ wò ó. Ẹ̀rù kí ni ì bá bà á? Ta ni kò mọ̀ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ìtẹ́ nílẹ̀, ẹyin ti fọ́, kò sí ẹyẹ kankan. Ó sáré lọ bá ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ ń tẹ pósítà ìbò, iṣẹ́ tí Múrítàlá ti ń lé kiri tipẹ́, òṣèlú tó gbé e wá sì jókòó síbẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ kí i:

"Ìyá Faridah, ẹ ṣeun o! Igún tí oníṣègùn ní ká wá, gbogbo Èkó la wá a dé. Ọkọ yín ló gbà wá."

Múrítàlá yára fà á jáde síbi gọ́tà.

"Torí ẹyẹ? Wo òdòdó tannápoṣó tó hù sétí gọ́tà yìí. Àìmọye ìgbà lo ti fà á tu níwájú ilé wa. Tójò bá ti rọ̀, ó ti yọ. Igún mìíràn á wá."

"Tannápoṣó ń da èso sílẹ̀ bí ẹni da àgbàdo fádìẹ. Ẹyin kan ni igún ń yé lọ́dún. Ibo lòmíràn ó ti wá, Bàbá Faridah? Inú gọ́tà?"

"Èmi ò kúkú pa á. Mi ò jẹ ẹ́. Mo kàn fi ibi tó ń sùn hàn wọ́n ni."

Ẹ gbọ́ ẹnu ọ̀dàlẹ̀! Ọ̀rọ̀ náà dun Kùdírátù wọ egungun. Náílọ́ọ̀nù ìfun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe kàn fi ibẹ̀ hàn yín," ó wí.