Ìlà Pupa Lórí Nọ́ọ̀tì

Dókítà eyín ni ọkọ, apòògùn ni ìyàwó, ọkọ̀ náà sì wà láàárín wọn. Inú gáréèjì ilé wọn ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, láti ìgbà tó jẹ́ irin gbọọrọ lásán títí ó fi di ohun tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tó sì ń bú ramúramù. Kò ní ìlẹ̀kùn, kò ní òrùlé. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ní láti gbé ẹsẹ̀ kọjá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń gun ẹṣin. Ẹ̀gbọ́n dókítà, tó jẹ́ lọ́yà, yí i po lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i.

"Àbúrò, ta ní í kọ́lé tán tí í gbàgbé òrùlé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ pápá ìsáré nìyí. Afẹ́fẹ́ la fi ń gùn ún."

"Afẹ́fẹ́ kún ìta lọ́fẹ̀ẹ́. O ò bá jókòó sórí àga níwájú ilé."

Ìyàwó kì í pe ọkọ̀ náà ní nǹkan mìíràn ju "orogún mi" lọ. "Ṣé orogún mi ti jí?" ni í bi ọkọ rẹ̀ láràárọ̀ Sátidé, á sì wọ ṣòkòtò iṣẹ́, á tẹ̀lé e lọ sí gáréèjì. Kì í ṣe pé ó ń bá a kẹ́gbẹ́ lásán o. Ọkọ ló mọ bí nǹkan ṣe ń dán, ìyàwó ló mọ bí nǹkan ṣe ń le. Lójú ọkùnrin tó ti fi ogún ọdún fọ eyín ẹléyín, ohunkóhun tí kò bá dán, àìsàn ló ń ṣe é. Ó kun ọkọ̀ náà, ó fi ìwé oníyanrìn họ ọ́, ó tún un kùn, títí ó fi lè dúró níwájú rẹ̀ kó ya ẹnu, kó sì ka eyín ara rẹ̀ lára rẹ̀. Ó máa ń kà wọ́n dáadáa. Wọ́n sì máa ń pé.

Àdéhùn kan wà láàárín wọn lórí iṣẹ́ náà. Bóòtù tí ìyàwó bá ti fi sípánà mú le dópin, á fa ìlà kútẹ́ẹ̀sì pupa kan kọjá lórí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bọ́ sórí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì bá yí díẹ̀, ìlà á já sí méjì, ojú á rí i. Nọ́ọ̀tì tí kò bá ní ìlà, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ náà. Ilé oògùn ló ti mú àṣà yìí wá, níbi tó jẹ́ pé ìgò tí kò ní orúkọ lára, a kì í gbé e fún aláìsàn.

Àlébù ibẹ̀ ni pé ìlà rẹ̀ kì í tọ́. Ó máa ń wọ́, á nípọn níbìkan, á tín-ín-rín níbòmíràn. Ó ń dun dókítà wọra.

"Ìyá ọmọ mi, kí ló dé tí gbogbo ìlà yìí rí bí ipa ìgbín?"

"Olówó orí mi, ṣé ẹ ti rí ìgbín tó forí sọ ògiri rí?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọkọ ń dúró dè lẹ́nu rẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: "Ó dára." Àwọn aláìsàn rẹ̀ ń sọ ọ́, pẹ̀lú òwú lẹ́nu. Àwọn aládùúgbò ń sọ ọ́. Ìyàwó á wo ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, á ní, "Ó kù díẹ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò ọkọ̀, ó kù díẹ̀ lóòótọ́. Oríkèé kan wà nísàlẹ̀, lókè ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń dé, tó so ọ̀pá sítíárìn mọ́ irin tó ń darí táyà. Nọ́ọ̀tì ibẹ̀ ti bàjẹ́, eyín inú rẹ̀ ti jẹ. Ìyàwó ló rí i. Dókítà eyín ti kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.

"Mo kàn fi ọwọ́ dè é síbẹ̀ kí bóòtù má baà sọnù ni," ó ní. "Mi ò fa ìlà sí i. Màá ra tuntun bọ̀ lówùúrọ̀ ọ̀la bí mo bá ti ń kúrò níbi iṣẹ́ òru, màá bá yín ní pápá, èmi fúnra mi á mú un le kí ẹ tó wọlé. Ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo ti gbọ́," ni dókítà wí, ó ń nu gíláàsì iná iwájú.

Ìyàwó lọ síbi iṣẹ́. Ó ku ọkọ nìkan pẹ̀lú orogún. Ó yí i ká, ó dùn mọ́ ọn nínú, àfi àwọn ipa ìgbín yẹn. Ó mú òwú, ó rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì, ó pa gbogbo wọn rẹ́. Nígbà tó wá rántí pé olùyẹ̀wò pápá máa ń béèrè irú àmì bẹ́ẹ̀, ó bọ́ sínú yàrá, ó gbé kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó rẹ̀, ó mú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tó fi ń kun eyín àtọwọ́dá, ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Ó fa ìlà sí gbogbo nọ́ọ̀tì tí ojú rẹ̀ rí. Ìlà náà tọ́ bí ìlà inú ìwé. Kò sí èyí tó gùn ju ìkejì lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rántí pé ìyàwó sọ nǹkan kan nípa nọ́ọ̀tì kan. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó rí pupa. Ó ní, "Áà, ó ti parí rẹ̀ kó tó lọ nìyẹn." Ènìyàn á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà tán, á wá máa kà á bí ẹni pé ọba ló fi ránṣẹ́ sí i.

Ìyàwó dé pápá kété lẹ́yìn tí ọkọ wọlé. Nọ́ọ̀tì tuntun wà nínú ìwé pélébé nínú báàgì rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn orogún rẹ̀ lápá òdìkejì pápá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró. Lọ́yà ti jókòó nítòsí ògiri pápá, lórí àga tí ó gbé wá láti ilé, olùyẹ̀wò sì dúró tì í. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni olùyẹ̀wò yìí, ìkíni lásán lẹ́nu rẹ̀ dà bí àṣẹ.

"Ìyá wa, ẹ káàbọ̀! Ọkọ yín ti ń sáré!"

"Ta ló ní kó wọlé?"

"Èmi ni. Mo yẹ ọkọ̀ wò látòkè délẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o! Àwọn ìlà pupa yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí níbí. Gbogbo wọn tọ́ gbọnrangandan."

Ìyàwó wò ó. "Wọ́n tọ́?"

"Bí ẹni fi rúlà fà á."

"Ìlà mi kì í tọ́." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ dákun, oríkèé sítíárìn, nísàlẹ̀ pátápátá. Ṣé ìlà wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ ló tiẹ̀ rẹwà jù."

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré lọ síbi ògiri tó wà létí kọ́nà tó gbẹ̀yìn, níbi tí gbogbo ọkọ̀ ti ń yọ sójú ọ̀nà gbọọrọ. Ó gun orí ògiri, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì, ó ń pariwo, "Dúró! Dúró!" Ariwo ẹ́ńjìnnì gbé ohùn rẹ̀ mì.

Nínú ọkọ̀, dókítà yọ sí kọ́nà náà, ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ń fò sókè. Inú rẹ̀ yọ́. Obìnrin tí kò yin ọkọ̀ yìí rí, òun ló ń fò bí ọmọdé yìí! Ó yọ ọwọ́ kan lórí sítíárìn, ó jù ú sí i, ó sì tẹ iná mọ́ ọn.

"Ìyàwó wa, ó ń kí ẹ," ni lọ́yà wí lẹ́yìn rẹ̀. "Rọra o, kó má baà gbéra lọ sójú ọ̀run."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa ẹnu yín dé!"

Kò sọ irú rẹ̀ sí i rí. Lọ́yà dìde lórí àga.

"Nọ́ọ̀tì yẹn kò le," ìyàwó kọjú sí olùyẹ̀wò. "Ọwọ́ ni mo fi dè é. Kò sí ohun tó mú sítíárìn rẹ̀."

Olùyẹ̀wò kò bi í ní ìbéèrè kejì. Ó já àsíá dúdú gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ pápá kan, èyí tí wọ́n ń nà sí ẹni tó gbọ́dọ̀ jáde. Nígbà tí dókítà tún yọ, ó nà án sí i gbangba. Dókítà rí i. Àánú bàbá arúgbó kan tó ń wakọ̀ níwájú rẹ̀ ṣe é. Ó ní, "Ọwọ́ ti bà wọ́n. Mo mọ̀. Wọ́n ń wakọ̀ bí ẹni ń sùn." Ó tiẹ̀ fi ọwọ́ júwe ọ̀nà àbájáde fún bàbá náà, kí ó tó yà á kọjá.

"Kò gbà pé òun là ń bá wí," ni olùyẹ̀wò wí.

"Kò ní gbà láéláé. Ẹ dá gbogbo wọn dúró!"

Àsíá pupa gòkè yí pápá ká. Àwọn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Dókítà náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, inú ń bí i. Bí ọkọ̀ ti rọ̀ báyìí, ó gbọ́ ohun kan tó yí gbirigbiri lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tó sì wá sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀. Ó wolẹ̀ fìrí. Nọ́ọ̀tì ni. Ìdajì ìlà pupa kan wà lára rẹ̀, ó tọ́, ó sì rẹwà.

Ó mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Òógùn tutù bò ó lábẹ́ àṣíborí. Ó yí sítíárìn díẹ̀. Ọkọ̀ ronú ná kí ó tó gbọ́. Kọ́nà tó gbẹ̀yìn ń bọ̀. Lẹ́yìn kọ́nà náà, ògiri. Lórí ògiri, ìyàwó rẹ̀, tí kò fò mọ́, tó kàn dúró.

"Kúrò níbẹ̀," ó ń wí nínú àṣíborí, "jọ̀ọ́, kúrò níbẹ̀."

Ó ń tẹ bíréèkì, kò tẹ̀ ẹ́ tán, kí ọkọ̀ má baà yọ̀. Ó ń fa sítíárìn bí ẹni ń fa eyín ọmọdé, díẹ̀, díẹ̀, láìfagbára. Ọkọ̀ yà, ó kọ̀, ó tún yà. Táyà kan bọ́ sórí koríko, ìkejì tẹ̀lé e. Lọ́yà fa aṣọ ìyàwó láti ẹ̀yìn, àwọn méjèèjì ṣubú lulẹ̀. Ọkọ̀ náà dúró, tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá na apá láti ara ògiri, á kan imú rẹ̀.

Dókítà yí sítíárìn. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ń yí fàlàlà bí ohun ìṣeré ọmọdé, àwọn táyà kò sì mira.

Ìyàwó gun ògiri sọ̀ kalẹ̀ wá. Ọkọ bọ́ àṣíborí. Ètè rẹ̀ ti funfun.

"Ta... ta ló rí i?"

"Gbogbo wa ni," lọ́yà dá a lóhùn láti ẹ̀yìn ògiri.

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀, ó mú nọ́ọ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yí i wò nínú oòrùn. "Ìwọ lo fa ìlà yìí." Kò sọ "ẹ" mọ́.

"Èmi ni. Mo kàn fẹ́ kó..." Ó tọ́ka sí nọ́ọ̀tì náà. "Àwọn tìẹ ni kò tọ́."

Ìyàwó ki nọ́ọ̀tì náà bọ àpò. Ó jókòó sórí koríko, ó fi orí ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó ń dán gbinrin náà, ó sì ń mí. Ọkọ fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ọwọ́ náà sí àyà ara rẹ̀.

Wọn kò sáré mọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti ọkọ̀ lọ sábẹ́ ibòji, olùyẹ̀wò náà bá wọn tì í. Ìyàwó rẹ òwú sínú sípíríìtì, ó fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, dókítà sì pa gbogbo ìlà tó rẹwà yẹn rẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó mú sípánà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó ti ń mú wọn le ló ń fa ìlà sí wọn: ipa ìgbín, ipa ìgbín.

Ó ku oríkèé sítíárìn. Ó fi nọ́ọ̀tì tuntun sí i, ó fi sípánà lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wò ó bó ti ń mú un le dópin. Lẹ́yìn náà ó na kútẹ́ẹ̀sì sí i.

"Fà á."

Ọwọ́ dókítà ṣì ń gbọ̀n. Ìlà náà wọ́, ó nípọn, ó tún wọ́, ó kán díẹ̀ sórí bàtà rẹ̀. Ojú tì í. Ó na ọwọ́ sí òwú láti pa á rẹ́.

Ìyàwó di ọwọ́ náà mú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìlà náà pẹ́.

"Ó dára," ó ní.

Dókítà gbójú sókè kíákíá, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹnìkan bá a gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Olùyẹ̀wò ti lọ, lọ́yà sì ti sùn lọ lórí àga rẹ̀.