Àwọ̀ Iṣan Ọwọ́

Páálí kékeré kan ni ọwọ́ Mojísọ́lá bà nínú àpò ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ bó ṣe fẹ́ rẹ ẹ́ sómi. Dáì irun ni. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti oyin, wọ́n sì fi bírò kọ "Dammy, Alákijà" sẹ́yìn rẹ̀.

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bíọ́dún ọkọ rẹ̀, tí orí rẹ̀ ti pá látìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, irun wo ló fẹ́ pa láró? Mojísọ́lá alára kì í lò ju dáì dúdú lọ. Láti ọdún Àjíǹde tí wọ́n sì ti ya fọ́tò kúáyà, tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ bíi tẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn, síkáàfù ló fi ń bo irun ọ̀hún, kò sì bá wọn kọrin mọ́. Ìyàwó ń bo orí, ọkọ ń ra dáì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ó wá rántí àdúrà òwúrọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, odindi ọjọ́ mẹ́ta ni Bíọ́dún fi ṣí kọ́tìnì kí wọ́n tó gbàdúrà, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó ń yí i síwá sẹ́yìn. Ọkùnrin tí kò di ọwọ́ ẹni mú láti ọjọ́ pípẹ́, bó bá ṣàdédé dì í mú, ẹ̀ṣẹ̀ ló ń dà á láàmú. Ọdún méjìdínlógójì tí wọ́n ti fẹ́ra wọn. Omi lé ròrò sí i lójú.

Ó fi páálí náà sínú báàgì, ó forí lé Alákijà.

Ṣọ́ọ̀bù Dammy kéré, ó mọ́ tónítóní. Ọmọbìnrin náà kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sì rẹwà, èyí tí kò dùn mọ́ Mojísọ́lá nínú rárá.

"Dáì ni mo fẹ́," ló wí. "Dúdú."

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ n wo ọwọ́ yín ná." Dammy mú un lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sí oòrùn. "Ẹ wò ó, iṣan yín gíríìnì. Àwọ̀ tó wà lábẹ́ awọ yín gbóná nìyẹn, ó ní yẹ́lò nínú. Dúdú yẹn tutù, ó ní búlúù nínú, ó máa sọ ojú yín di eérú. Àwọn tí iṣan wọn jẹ́ búlúù ló yẹ. Èyí ló máa bá yín mu."

Páálí aláwọ̀ oyin ló gbé sílẹ̀. Mojísọ́lá gbé e, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

"Ta lo ta irú èyí fún gbẹ̀yìn?"

"Dádì kan láti Festac ni. Ìyàwó wọn ni wọ́n fẹ́ rà á fún. Mo bi wọ́n pé báwo ni iṣan ọwọ́ ìyàwó wọn ṣe rí, wọn ò mọ̀. Mo ní kí wọ́n lọ wò ó nínú oòrùn, kì í ṣe lábẹ́ iná. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n padà dé, wọ́n ní gíríìnì ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n báyìí. Wọ́n ní ìyàwó àwọn lè rò pé àwọn ń pe òun lárúgbó. Wọ́n ṣáà fẹ́ kó padà sínú kúáyà ni."

Ojú ti Mojísọ́lá. Kò sọ ẹni tóun jẹ́. Ó dúpẹ́, ó ní òun á padà wá.

Nígbà tó délé, ó dá páálí náà padà sínú àpò ṣòkòtò, ó sì fi ṣòkòtò náà kọ́ láìfọ̀. Bíọ́dún ń ka ìwé ìròyìn ní pálọ̀. Mojísọ́lá jókòó tì í, ó wo ọwọ́ tó di ìwé ìròyìn mú. Gbogbo àpò aṣọ ọkùnrin yìí ló mọ̀. Àwọ̀ iṣan ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ̀.

Ó dìde, ó ṣí kọ́tìnì.

"Dádì Tóyọ̀sí, ẹ mú ọwọ́ yín wá."