Àga Inú Táńkì

"Bàbá, ta ni ó gbé àga yìí sí oòrùn?"

Bàbá Adébíyìí, káfíńtà ará Tudun Wada tí ó ń kan pèpéle tí àga náà yóò dúró lé, gbé òòlù sílẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Èmi ni, Martha ọmọ mi. Inú omi ni mo ti bá a. Igi tí a kò bá sá, ṣé kò ní í jẹrà ni? Haba!"

Martha kúnlẹ̀ ti àga náà. Inú ọkọ̀ ojú omi kan tí ó rì sínú odò Ọya, nítòsí Lọ́kọ́jà, ni àwọn apẹja ti rí i. Láyé òyìnbó ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ ọdún náà dájú. Láti ìgbà tí ó ti dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé yìí ní Kaduna, Martha ni ó ń tọ́jú rẹ̀ nínú táńkì tí wọ́n gé orí rẹ̀. Omi ni ó gbé igi náà ró. Bí omi bá yára gbẹ lára rẹ̀, yóò súnkì, yóò sì sán. Ó ṣì yẹ kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú oògùn tí ó dà bí ìda fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó kúrò nínú omi.

Ọyẹ́ sì ń fẹ́. Apá ọ̀tún àga náà ti là.

Ọ̀gá Ahmed, olórí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà, jáde sí wọn. "Ó ti gbẹ! Ẹ fi gọ́ọ̀mù dí ojú ibẹ̀, kí ẹ kùn ún ní fáníìṣì. Àwọn àlejò ń bọ̀ lọ́la."

"Yóò fọ́ tán, sà. Ẹ jẹ́ kí a dá a padà sómi."

"Martha, bí kò bá sí àga lọ́la, má retí pé ìwọ náà yóò wà níbí lóṣù tó ń bọ̀."

"Ránkàdédé, èmi ni mo jẹ̀bi," ni Bàbá Adébíyìí wí. "Àga tí ènìyàn ń jókòó lé ni mo mọ̀. N kò mọ èyí tí ń mu omi."

Martha fi àpò tí ó ti rẹ sómi bo apá tí ó là náà, ó sì di ẹsẹ̀ àga mú.

"Bàbá, ẹ bá mi gbé e."

Àwọn méjèèjì rọra gbé e padà sínú táńkì. Ọ̀gá Ahmed ń wò wọ́n.

"Kí ni àwọn àlejò yóò wá wò?"

"Òun náà ni, sà, nínú omi. Èmi ni n óò ṣàlàyé fún wọn."

"Bí wọ́n bá bínú ńkọ́?"

"Èmi náà ni kí ẹ dá lẹ́bi, sà."

Ọ̀gá Ahmed yíjú padà, ó sì wọlé lọ. Bàbá Adébíyìí wo pèpéle tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn tán, ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìṣó rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fa téèpù jáde, ó sì lọ wọn ìbú táńkì.