Kókó Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Já

Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni ọmọbìnrin mi nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru kọ lù ú. Omi tán lára rẹ̀, ojú rẹ̀ wọnú, àwọn nọ́ọ̀sì ló bá mi gbà á lọ́wọ́ ikú. Ọmọ ogún ọdún ni mí, n kò mọ nǹkan kan. Orí ọkọ̀ òkun ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wálé. Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ni mò ń gbé. Màmá ni gbogbo wa ń pè é.

Lọ́jọ́ tá a ti ilé ìwòsàn dé, Màmá gba ọmọ lẹ́yìn mi. "Pẹ̀lẹ́, ìyàwó," ló wí. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Èyí tó kí mi lọ́jọ́ yẹn, akọ ni.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Aránṣọ ni, kò bímọ rí. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti ra bẹ́ẹ̀dì ọmọdé kí àwa tó ti ilé ìwòsàn dé.

"Ọmọ á wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ná," ni Màmá wí. "Ìwọ, kọ́kọ́ tọ́jú ohun tí kò lè sunkún."

Ó gbé igi òdòdó kan fún mi nínú garawa tí ìdí rẹ̀ ti lu. Ó ga dé orúnkún mi, ewé rẹ̀ ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Irú rẹ̀ mẹ́fà ló wà lẹ́yìnkùlé Màmá. Tí wọ́n bá tanná funfun, òórùn dídùn wọn á gba gbogbo yàrá, á wọ inú aṣọ tá a sá.

"Ọjọ́ tí èyí bá tanná lọ́wọ́ rẹ, ọjọ́ náà ni wàá lọ mú ọmọ rẹ."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. "Kó o yára o, ìyàwó. Ọmọ kì í dúró de òdòdó."

Màmá kọ́ mi ní iṣẹ́ náà dáadáa. Àárọ̀ ni kí n máa bomi rin ín, kí n má da omi sórí ewé nínú oòrùn. Kí n da omi tá a fi ṣan ìrẹsì sídìí rẹ̀. Kí n fi àkísà àti ọṣẹ nu abẹ́ ewé tí kòkòrò bá ń mu ún. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó wá tọ́ka sí kókó kékeré kan lórí ẹ̀ka, ó tutù yọ̀yọ̀, ó lọ́ bí okùn.

"Èyí, àrùn ni."

"Màmá, ṣebí irú rẹ̀ ló wà lórí tiyín?"

"Lórí igi àgbà, òdòdó ni. Lórí igi ọmọdé, yóò pa á ni. Já a kó tó funfun lẹ́nu. Tí igi bá dàgbà tán, ara rẹ á sọ fún ẹ."

Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Mo já a. Ọdún méjì ó lé ni mo fi já a. Láràárọ̀, kí n tó gbálẹ̀, màá ká wọn sí àtẹ́lẹwọ́, màá lọ fi han Màmá lórí ibùsùn. "O káre," ni yóò wí. Níwájú àlejò, ó sọ mí lórúkọ: Ọwọ́-Aṣálẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rín.

Ọjọ́ ìsinmi ni mò ń lọ wo ọmọ mi. Níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń sunkún tí mo bá fẹ́ lọ. Nígbà tó yá, kò sunkún mọ́. Nígbà tó tún yá, ó ń sunkún tí mo bá dé. Aránṣọ ní kí n yéé dà á láàmú, kí n jẹ́ kí òdòdó tanná ná. Ọkọ mi dé, mo ro ẹjọ́ mi fún un. "Gbọ́ ti Màmá," ló wí. "Òdòdó ni wọ́n ní kó o tọ́jú, wọn ò ní kó o gbé òkè."

Ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ọgbà ilé ìwòsàn máa ń gbé ìgbẹ́ adìyẹ wá fún Màmá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó bá mi lẹ́nu iṣẹ́.

"Ìyàwó, kí lò ń já yẹn?"

"Àrùn ni, bàbá."

Ó sọ àpò kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Òdòdó lò ń pa yẹn."

"Màmá ní igi ọmọdé ni."

"Tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ín, a lè já a fún oṣù mélòó kan kí gbòǹgbò lè múlẹ̀. Èyí kẹ̀? Èmi ni mo tà á fún Màmá. Igi yìí ti wà kí wọ́n tó fẹ́ ọ wọlé."

Ìdajì òtítọ́ ni Màmá fi wé irọ́ náà. Mo wo èékánná mi, abẹ́ rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Kókó mẹ́rin ló kù lórí igi. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, orí igi Màmá ni mo ti já èyí tí mo lọ fi hàn án. "O káre," ló wí.

Ọjọ́ kejìlá, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tanná. Mo gbé garawa lérí, mo fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé Aránṣọ, mo gun àtẹ̀gùn rẹ̀. Òórùn ti ṣáájú mi wọlé.

Aránṣọ ń tẹ ẹ̀rọ. Ó wo òdòdó, ó fi eyín gé òwú. Kò jà.

"Màmá ti sọ ọ́, n kò ní yí i padà," ló wí. Ó kọjú sí ọmọ. "Ìyá rẹ dé. Ó wá mú ẹ lọ."

Ọmọ mi wo gbogbo yàrá, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń wí. Ó di orúnkún Aránṣọ mú, ó ń pè é ní Mọ́mì. Mo fà á. Ó gé mi jẹ lọ́wọ́. Mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó ké títí ó fi bì sí mi láyà, ẹ̀mí rẹ̀ ń já.

Aránṣọ na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. "Gbé e máa lọ. Ṣé o rí i pé n ò dì í mú?"

Mo gbé e sílẹ̀. Ó sá lọ sábẹ́ ẹ̀rọ.

Mo ti sọ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọmọ mi. "Ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ," ni Aránṣọ wí. Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ró.