Ìlédìí Tí Kò Tutù

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ní ọdún 1991, Sẹ̀kínátù ti ọwọ́ bọ inú ìlédìí ọmọ rẹ̀ fún ìgbà kẹfà, ó sì fà á yọ. Ó gbẹ.

"Kò tíì tọ̀," ni ó wí.

Àṣírù, ọkọ rẹ̀, jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn. Ọmọbìnrin náà, àkọ́bí wọn, pé ọjọ́ mẹ́ta ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ń kúrò ní ilé ìgbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wọn pé bí ọmọ bá fi odindi ọjọ́ kan wà láì tọ̀, kí wọ́n tètè gbé e padà wá. Láti ọ̀sán àná ni wọ́n ti ń yẹ ìdí rẹ̀ wò. Ìgbẹ́ ni wọ́n rí ní ìrọ̀lẹ́ àná, wọ́n sì pààrọ̀ ìlédìí. Wọn kò rí omi.

Ìlédìí náà kì í ṣe ti aṣọ. Ọ̀gá Àṣírù, tí ń gbé ní Àpápá GRA, ni ó fi odindi páálí kan ta á lọ́rẹ: ìlédìí òyìnbó, funfun báláú, tí kò béèrè píìnì, nítorí pé gọ́ọ̀mù wà létí rẹ̀. Nínú gbogbo yàrá méjìlá tí ó wà ní ilé wọn ní Ajégúnlẹ̀, kò sí ẹni tí ó ti lo irú rẹ̀ rí. Àṣírù, tí ń ru ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creek Road, yangàn gidigidi. Nígbà tí Eucharia, ìyá Azubuike, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, kó ìlédìí aṣọ mẹ́fà wá fún wọn, ó dúpẹ́, ó sì dá wọn padà.

"Bóyá n kò ní omi ọmú rárá," ni Sẹ̀kínátù wí. "Màmá mi kò lè dé ṣáájú ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ta ni kí n bi?"

Àṣírù mọ ẹni tí ó yẹ kí wọ́n bi, ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kí ó dárúkọ rẹ̀.

"Dìde," ni ó wí. "Ilé ìwòsàn yá."

Ìyá Azubuike ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde.

"Bàbá ìkókó, níbo lẹ̀ ń gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́ta lọ nínú oòrùn yìí?"

"Kò tọ̀ láti àná, mà," ni Sẹ̀kínátù wí, ó sì bú sẹ́kún.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Abẹ́g, ẹ gbé e wá."

Ó gba ọmọ náà, ó fi ọwọ́ wọn ìdí rẹ̀ wò, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó tú ìlédìí náà, ó fi lé Àṣírù lọ́wọ́.

"Ya á."

Ó wúwo bí búrẹ́dì tí a rì sínú tíì. Àṣírù ya á. Òwú inú rẹ̀ ti wú, ó rin gbingbin, òórùn ìtọ̀ sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan.

"Òkè rẹ̀ ló ń gbẹ," ni ìyá Azubuike wí. "Inú ló ń fà á sí. Ìwọ tí o ń ru ẹrù láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, o ò mọ ẹrù tó wà nídìí ọmọ rẹ!"

Sẹ̀kínátù kò rẹ́rìn-ín. "Bó bá jẹ́ ti àná ni gbogbo rẹ̀ ńkọ́, mà?"

"Ó dáa. A máa mọ̀."

Ó mú ọ̀kan nínú ìlédìí aṣọ náà wá, ó jù ú sí Àṣírù. "Ká a sí igun mẹ́ta. Ìwọ́ ọmọ kò tíì já, má jẹ́ kó bò ó. Fi ìka rẹ sábẹ́ aṣọ, kí píìnì gún ìwọ, kó má gún ọmọ."

Ọwọ́ tí ń gbé àpò ìrẹsì rọra ká aṣọ náà, ó sì fi píìnì há a. Sẹ̀kínátù fún ọmọ lọ́mú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, wọ́n sì tẹjú mọ́ aṣọ kan ṣoṣo. Ẹni kan tó ń kọjá lọ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wò. Wọn kò gbójú sókè.

Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, àmì kan hàn láàárín aṣọ náà, kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Ó fẹ̀, ó sì tún fẹ̀ títí ó fi kan itan ọmọ.

Àṣírù fọwọ́ kàn án. "Ó gbóná," ni ó wí.

"Tọ̀ sí i, ìyá mi," ni Sẹ̀kínátù ń wí, tẹ̀rín-tẹkún. "Tọ̀ sí i."

Àṣírù kò nu ọwọ́ rẹ̀. "Márùn-ún tó kù ńkọ́, mà?"

"Ìwọ kọ́ lo dá wọn padà?"

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá Azubuike rín ẹ̀rín, ó sì wọlé lọ kó wọn wá. Kí ó tó jáde, Àṣírù ti wà ní ìdí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ ìlédìí aṣọ àkọ́kọ́.